Ọdún Ẹṣin àti Ọdún Ewúrẹ́ Nínú Àpótí Kan

Quyết ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí ọmọ-ọmọ mi. Kí ilé yín tù yín lára, kí ẹ̀rù má bà yín lójú àlá. Kí n tó sọ nǹkan mìíràn, gbọ́ ìṣirò. 800,000 đồng ni mo yọ nínú agolo ìrẹsì. Pátákó ìyá tí gbogbo ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà ń jókòó lé, 650,000. Bọ́ọ̀sì àlọ àti àbọ̀, 60,000. Ẹyin pẹ́pẹ́yẹ mẹ́wàá fún Baba Đàm, 35,000. Ó ku 55,000.

Inú kọ̀ǹpútà yẹn ni àwọn oníbàárà ti ń kọ iye agbọ̀n vải, èso ọgbà wa, tí wọ́n fẹ́. Nígbà tó kú, o ní bí n kò bá lè jí i kí èso tó pọ́n, kí n ta ọgbà baba rẹ, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ yín ní Hà Nội. O ní bí mo bá sì jí i, ìwọ ni yóò san gbogbo ìnáwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ wà níbẹ̀ nígbà tí o sọ ọ́.

Ìwọ náà lo ní kí n rí i pé pátákó tuntun àti ọpọlọ àtijọ́, ẹ̀yà tó ń ronú fún kọ̀ǹpútà, bára mu kí n tó sanwó. Ta ló mọ bíbáramu ju Baba Đàm lọ, ẹni tó yẹ ọdún ìbí ìwọ àti ìyàwó rẹ wò kí a tó lọ tọrọ rẹ̀? Mo gbé rìsíìtì ọpọlọ náà fún un: 2014, ọdún Ẹṣin nínú ẹranko méjìlá tí a fi ń ka ọdún àti wákàtí. Ó ní kí n má ra ọdún Eku, Ẹṣin yóò ta á nípàá. Kí n wá ọdún Ewúrẹ́, ó ní àwọn méjèèjì lè jẹun nínú abọ́ kan.

Mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sí ìlú, Khởi tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sì gbé pátákó 2020 jáde, 1,500,000. Ọdún Eku! Mo kọ̀ jálẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní Màmá, ṣé ìgbéyàwó lẹ fẹ́ ṣe fún wọn ni, ẹran wo ni ká pa? Mo ní kó fi ẹran sílẹ̀, kó fi Ewúrẹ́ hàn mí. Ó tú páálí abẹ́ tábìlì, ó fa ọ̀kan ti 2015 jáde, eruku bò ó. Ó gbé ọpọlọ náà lé e, ọpọlọ sì jókòó sí àyè rẹ̀ jẹ́ẹ́. Ẹ̀rín Khởi dá. Ó ní òótọ́ ni pé ti 2020 kò ní gbà á, pé àwọn tí wọ́n ṣe lásìkò kan náà ló sábà máa ń ní ìjókòó kan náà. Mo ní ohun tí Baba Đàm sọ náà nìyẹn, ẹyin mẹ́wàá péré ló sì gbà.

N kò jẹ́ kó tàn án ní ìsọ̀ rẹ̀. Mo gbé e wálé, mo dúró di aago kan ọ̀sán tí wákàtí Ewúrẹ́ wọlé, mo tẹ bọ́tìnnì. Agbọ̀n mọ́kànlélógójì tí àwọn oníbàárà béèrè ló ń dúró dè mí níbẹ̀.

Nítorí náà n kò wá sí Hà Nội. Ẹni tó bá fẹ́ rí mi, kó wá ká vải. Kí ilẹ̀ tí o ń tẹ̀ má yọ̀ ọ́, kí ọmọ rẹ gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu ju bí o ti ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu lọ.

Èmi ìyá rẹ, Nhàn.

Owó tí o jẹ mí: 745,000 đồng. Di àárọ̀ yìí, n kò tíì rí i.