Má Tíì Dúpẹ́, Eulogia

Buenos Aires, oṣù kẹfà, 1942

Àbúrò mi,

Ṣé òtútù ìhà ọ̀hún ò pọ̀ jù? Mo kí àwọn ọmọ àti ìyá ọkọ rẹ. Ikọ́ ìyàwó mi ti ń rọlẹ̀, àmọ́ ọkàn tèmi ò balẹ̀.

Ogun ò jẹ́ kí bébà dé ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn wa mọ́. Aṣojú ìjọba òkèèrè kan ní àwọn á fún wa ní bébà, tá ò bá ti tẹ orúkọ ọkọ̀ òkun tó rì mọ́. Mo yarí. Ọ̀gá ní, "Higinio olóòótọ́, ṣé orí afẹ́fẹ́ la fẹ́ máa tẹ̀ ẹ́ sí?" Ó gbà fún wọn.

Mo mọ̀ pé ìwọ lò ń ka orúkọ yẹn látinú ìwé ìròyìn wa fún ìyàwó àwọn atukọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, tẹ́ ẹ bá sì ti wá ọkọ̀ àwọn ọkọ yín tì, ẹ ó dúpẹ́.

Kí Ọlọ́run mú Baldomero rẹ wálé láyọ̀. Àmọ́ jọ̀ọ́, èbúté ni kó o ti máa béèrè ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Higinio