Abẹ Fẹ́lẹ́ Kan fún Gbogbo Wa

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ó ti lé lọ́sẹ̀ kan tí mo ti ń sá fún ìwé yìí. Délé, ọmọ mi tí ẹ ò dúró rí, ní àrùn ẹ̀dọ̀ tó pa yín. Ara mi ló ti kó o. Ara yín lèmi náà ti kó o. Ó parí, mo ti sọ ọ́.

Nígbà tí ẹyinjú mi di yẹ́lò bíi tiyín, mo gbé Délé pọ̀n, ó di ọsibítù. Wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ wa sórí páálí tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń ṣàyẹ̀wò. Ìlà pupa méjì yọ sí tèmi, méjì sí tiẹ̀; ìlà méjì, àrùn wà nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì tó háyà yàrá iwájú lọ́wọ́ wa ló ṣàlàyé fún mi pé wúrà ni wọ́n sọ di kíkúnná tí ojú ò lè rí sínú páálí náà, òun ló ń gbá fáírọ́ọ̀sì tó ń fa àrùn náà mú tí ìlà fi ń pọ́n. Wúrà, Bàbá! Ẹ ò ra yẹtí wúrà fún mi rí. Mo bi í bóyá wúrà náà lè wo Délé sàn. Ó ní àwọn onímọ̀ ń ronú àtirán oògùn tó kéré bẹ́ẹ̀ lọ tààrà sínú ẹ̀dọ̀, àmọ́ kò tíì sí. Kí ni ọmọ oṣù mẹ́jọ fẹ́ fi kò-tíì-sí ṣe?

Ẹ rántí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìrẹ̀mọ? Bí ọdún bá ti yí, ẹ ó tò wá kalẹ̀, ẹ ó sín wa ní gbẹ́rẹ́ kí aburú má bàa kàn wá. Ara yín lẹ kọ́kọ́ máa ń sín, kí ẹ̀rù má bà wá. Abẹ fẹ́lẹ́ yẹn kan náà lẹ ó fi sín èmi àti Bísí àbúrò mi. Ẹ ó wá máa fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sójú gbẹ́rẹ́ mi títí n ó fi rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣé abẹ méjì ló wọ́n yín ni?

Bísí ti lóyún. Oṣù tó ń bọ̀ ló máa bí. Nọ́ọ̀sì ní kí n sọ fún un kó wá ṣàyẹ̀wò, nítorí abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n lè gún ọmọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá bí i gan-an, kó má bàa kó o. Ẹnikẹ́ni ò sọ ìyẹn fún mi kí n tó bí Délé. Ṣùgbọ́n Màmá ní kí n panu mọ́, pé ṣé mo fẹ́ kí gbogbo agboolé máa sọ pé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín pín ikú fọ́mọ ni.

Lọ́la ni mò ń lọ bá Bísí ní Ẹdúnàbọ̀n. Màá sọ gbogbo ẹ̀, màá sì dárúkọ yín. Bí ẹ bá ní ohunkóhun láti wí, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì.

Èmi ni,
ọmọ yín tínú ń bí, tí kò yé fẹ́ràn yín.