Fọ́ọ̀mù Kejìlá

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń sùn, ṣé o ń jí, ṣé orí kì í fọ́ ọ? Àwa náà wà níbí, gbogbo wa ń mí, adìẹ kan ló kú, òun náà sì jẹ́ nítorí pé a fẹ́ jẹ ẹ́ ni. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ, kó sì jẹ́ kí ọ̀gá rẹ fẹ́ràn rẹ níwọ̀nba, nítorí ìfẹ́ ọ̀gá tó bá ti pọ̀ jù, iṣẹ́ ló máa ń dà. Bàbá yín ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, èmi ń sọ, wọ́n ń kọ. Tí o bá dé ibi tó dùn, èmi ni mo sọ ọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti gùn láìnídìí, bàbá yín ni.

Ìyá àgbà tó bí mi kí ọ. Eyín wọn ku mẹ́ta, wọ́n ní mẹ́ta náà tó fún ìwọ̀nba ẹ̀rín tó kù láyé. Káfíńtà ti wá tún ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ṣe. Tẹ́lẹ̀ kì í tì, ní báyìí ó ń tì, ṣùgbọ́n kì í ṣí. Bàbá yín ló kọ́kọ́ mọ̀, inú ibẹ̀ ni wọ́n wà láti òwúrọ̀ títí káfíńtà fi jẹun ọ̀sán tán, tí ọṣẹ sì gbẹ mọ́ wọn lára.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ kò tíì yé wa. O ní ìntáànì ni ọ́ ní àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Mo bi nọ́ọ̀sì àdúgbò wa pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ni. Háà! Ọmọ tó ti kàwé jáde yunifásítì tún padà di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́? Télọ̀ tó wà níwájú ilé wa ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mẹ́rin, ọdún kẹta wọn rèé, èyí tó já fáfá jù nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ ni. Ìwọ ní oṣù mẹ́ta lo máa lò. Ó ní láti jẹ́ pé ọ̀gá rẹ mọ iṣẹ́ kọ́ èèyàn, àbí kó jẹ́ pé iṣẹ́ náà ni kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá rán ọ níṣẹ́, tètè lọ, tètè bọ̀, má dúró wo ìjà lójú ọ̀nà.

Èyí tó ń kó mi lọ́kàn sókè jù ni ti ìdílé tó gbà ọ́ lálejò. Àlejò tí mo mọ̀, a máa fún un lómi, a máa fún un lóúnjẹ, tó bá di ọjọ́ kẹta a máa fi ọgbọ́n bi í pé báwo ni ilé rẹ̀ ṣe wà. Oṣù mẹ́ta kẹ̀! O ní wọ́n kọ orúkọ rẹ sára fíríìjì wọn, pé Ọjọ́rú ni tìrẹ. Bàbá yín ní iṣẹ́ ilé ni wọ́n pín, pé Ọjọ́rú ni wàá máa fọ abọ́. Èmi ò gbà. A kì í déédéé kọ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ sára ẹrù ẹni. Tí wọ́n bá ti fún ọ ní fíríìjì, kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí o sì bi wọ́n pé ta ló máa gbé e wá fún wa. O tún ní ìyá ilé náà ní kí o máa pe òun lórúkọ. Obìnrin tó bímọ mẹ́ta! Tó bá di dandan, pe orúkọ náà, ṣùgbọ́n fi ẹ jọ̀ọ́ mà síwájú rẹ̀, fi ẹ ṣé mà sẹ́yìn rẹ̀, kí orúkọ náà lè sá pamọ́ sáàárín. O ní wọ́n tún ní kí o ṣe bíi pé ilé rẹ ni. Má gbọ́ o. Mo mọ bí o ṣe máa ń ṣe nílé.

Mo gbádùn ọjọ́ tí o fi inú ilé wọn hàn mí lórí fóònù. O ní kí n dúró díẹ̀, o gbé fóònù lélẹ̀, mo sì wo àjà ilé wọn fún ogún ìṣẹ́jú. Àjà náà mọ́ tónítóní. Mo kí wọn níbẹ̀ dáadáa, mo ní ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú làálàá. Bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n gbọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù méjìlá tí o fi rán awakọ̀ sí mi. Mo ti pín in bí o ṣe wí, fún ilé tí ọmọbìnrin bá wà tí kì í lọ sílé ìwé. Bíríkìlà tó ń gbé nítòsí kànga kó àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní òun ò bímọ rí, ó rò pé owó orí la wá gbà. Àwọn ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín kèékèé lábẹ́ ibẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn títí ó fi fọwọ́ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mọ́kànlá ti kún, ó ku ọ̀kan.

Mo ní kí bàbá yín ka ọ̀kan náà sí mi létí. Wọ́n kà á: ṣé ọmọbìnrin ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó ti lọ sílé ìwé rí? Mo ní rárá. Ṣé ó wù ú kó lọ? Ọmọ mi, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ẹnì kankan ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní ó wù ú. Bàbá yín ní ta ló wù? Mo ní èmi.

Bàbá yín rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ọmọbìnrin ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn ò kọ ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin. Mo ní ṣé ọmọkùnrin wá ni mí ni? Mo ní ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ṣì wà láyé, ọmọ ni, ìyá mi sì wà ní yàrá kejì tí wọ́n ń jẹun, kí wọ́n lọ bi wọ́n. Bàbá yín lọ lóòótọ́. Ìyá àgbà ní obìnrin ni àwọn bí, pé àwọn rántí dáadáa.

Ibi ọjọ́ orí tún fẹ́ dá wa dúró. Àpótí mẹ́ta ni wọ́n yà síbẹ̀, ọ̀kan fún ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọ̀kan fún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀kan fún méjìdínlógún. Bàbá yín ní kò sí tèmi níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí a bá rò ó pọ̀, mẹ́tàlélógójì ni, ọdún kan péré ni mo fi lé sí i. Bàbá yín ṣì ń wá bírò tí wọ́n máa fi ṣírò rẹ̀.

Lábẹ́ ìyẹn, alágbàtọ́ ọmọbìnrin náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé òun yọ̀ǹda kó lọ sílé ìwé. Bàbá yín ní àwọn ò fọwọ́ sí nǹkan kan, pé kí làwọn fẹ́ sọ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, pé ìyàwó àwọn ń lọ kọ́ a, b, d? Mo ní kí wọ́n sọ pé bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe bàbá. Ìbéèrè kan tún wà nísàlẹ̀ tó ń bèèrè ìdí tí ọmọ náà kò fi sí nílé ìwé. Bàbá yín kà á síta, wọ́n tún un kà sínú, wọ́n ní ooru ti pọ̀ jù nínú yàrá, wọ́n jáde. Láti ọjọ́ yẹn ni fọ́ọ̀mù náà ti wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ọjọ́ méje rèé.

Má rò pé eré ni mò ń ṣe. Nígbà tí bàbá yín ń ka lẹ́tà rẹ tó kọjá sí mi, wọ́n dé ibì kan, wọ́n wúkọ́, wọ́n ṣí ojú ewé. Mo mọ ìgbà tí ikọ́ wọn bá jẹ́ ikọ́, mo sì mọ ìgbà tó bá jẹ́ irọ́. Ọmọ mi kọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò gbọ́. Tí bàbá yín bá ti jáde, mo máa ń yọ lẹ́tà náà, màá tẹjú mọ́ ọn, mi ò mọ orí, mi ò mọ ìdí. Ó ń dùn mí gan-an. Tí mo bá lọ sí báǹkì, gbogbo èèyàn ló ń mú ọwọ́ mímọ́ jáde, èmi nìkan ni mò ń jáde pẹ̀lú àtàǹpàkò dúdú bí ẹni tó fọwọ́ kan ìdí ìkòkò. Ní ìsinsìnyí gan-an, mo ní kí bàbá yín ka ohun tí wọ́n ti kọ fún mi, wọ́n ti fo ibi ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ padà. Ṣé o rí ohun tí ojú mi ń rí?

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kì í ṣe ti ọbẹ̀ o. Ti bàtà ni, àti ìbọ̀sẹ̀ funfun, àti pẹ́ńsù tí rọ́bà wà nídìí rẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé màá ṣe àṣìṣe. Tí wọ́n bá ní kí n wọ yúnífọ́ọ̀mù, màá wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kó bo orúnkún. Tí fọ́ọ̀mù náà bá sì ti ọ̀nà kan dé ọwọ́ rẹ, má dà á nù.

Iṣẹ́ tí ò ń kọ́, wàá mọ̀ ọ́n délẹ̀. Ilé tí o wọ̀ kò ní sú ọ, ìwọ náà ò ní sú wọn. Gbogbo ọmọbìnrin tí o bá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, orúkọ náà ò ní parẹ́. Èmi ni ìyá rẹ, àtàǹpàkò mi rèé nísàlẹ̀.

Ọmọ mi, èmi bàbá yín ni mo ń kọ ìyókù yìí. Ìyá yín ti lọ ká aṣọ. Ibi tí mo fò nínú lẹ́tà rẹ ni ibi tí o ti ní àárò rẹ̀ ń sọ ọ́, pé o sunkún lọ́jọ́ kan. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń ka irú ìyẹn síta fún un. Kó kà á fúnra rẹ̀.

Fọ́ọ̀mù náà wà nínú àpò lẹ́tà yìí. Mo ti fọwọ́ sí i. Níbi tí wọ́n ti bèèrè ìdí, mo kọ ọ́ bó ṣe rí, tí ọ̀gá rẹ bá sì rò pé àwàdà ni, sọ fún un pé kì í ṣe àwàdà. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ rèé: Èmi ọkọ rẹ̀ ló fà á. Kí a tó fẹ́ra, mo ṣèlérí pé tí a bá ti já àkọ́bí wa lẹ́nu ọmú, màá fi ìyá rẹ̀ sílé ìwé. Àkọ́bí náà ló wà ní ọ́fíìsì yín yìí, tó ń ka fọ́ọ̀mù.