Owó Káàbọ̀ fún Igbó Wa

Àkọ́bí mi, ìwọ tí mo tipasẹ̀ rẹ di ẹni tí wọ́n ń pè ní bàbá,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọ̀gá rẹ ti dín ariwo kù? Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti sàn. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká gbọ́ ìròyìn búburú nípa rẹ.

Ọmọ mi, jókòó kí o tó ka èyí, torí ayọ̀ náà pọ̀. Àwọn òyìnbó fẹ́ máa sanwó fún igbó wa, wọn ò sì ní gé igi kankan lọ, kí igi ṣáà dúró ni. Ọ̀gá ọlọ́fíìsì igbó tó wá láti ìlú ló sọ ọ́ nípàdé tí a ṣe ní kíláàsì àwọn ọmọ pírámárì. Ó ní igbó wa kún fún káàbọ̀n, pé káàbọ̀n yẹn gan-an ni wọ́n ń rà lókè òkun. Èmi àti bírìkìlà aládùúgbò wa wo ara wa. A mọ̀ pé a máa ń kí àlejò dáadáa níbí, a ò mọ̀ pé ó ti di ọjà. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ti igbó bọ̀, gbogbo wa la máa ń dúró kí i káàbọ̀, kó lè pọ̀ sí i. Lánàá, ìyá rẹ kí ewúrẹ́ bírìkìlà káàbọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ohùn rẹ̀ ti ha.

Ó tún ní ẹ̀rọ kan wà lójú sánmọ̀ tó ń ya fọ́tò igbó lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń dé fìlà tuntun lọ sóko báyìí, kí wọ́n má baà sọ lókè òkun pé bàbá rẹ rí jákujàku.

Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù wá, ojú ewé mọ́kàndínlógún, èdè òyìnbó látòkèdélẹ̀. Inú mi dùn débi pé àtàǹpàkò méjèèjì ni mo tẹ̀, kí wọ́n má baà rò pé ahun ni mí. Ọjọ́ kejì tí tíṣà túmọ̀ rẹ̀ ni mo tó gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dáko lẹ́yìn odò fún ọgbọ̀n ọdún. Lẹ́yìn odò kẹ̀, níbi tí oko wa wà, oko tí a fi ẹ̀gẹ́ rẹ̀ rán ọ nílé ìwé. Àyà mi já, n ò ní purọ́ fún ọ. Mo sáré lọ bá ọ̀gá ọlọ́fíìsì igbó. Ó ní kì í ṣe òun ló fà á, pé ìpàdé kan wà tí gbogbo orílẹ̀-èdè máa ń ṣe lókè òkun, ibẹ̀ ni òfin náà ti ń wá. Mo bi í pé ta ló ń bá wa jókòó níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá, èmi pàápàá ò débẹ̀ rí."

Inú mi tún dùn padà, torí ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ìwọ lo máa lọ. Nínú gbogbo ìdílé wa, ìwọ lo súnmọ́ òkè òkun jù, o sì mọ bọ́ọ̀sì í wọ̀. Wọ kóòtù tí o fi gbaṣẹ́, kí o sì tètè dé. Sọ fún wọn pé a ò ní fọwọ́ kan igbó, bàbá ńlá wa gan-an ò fọwọ́ kàn án, oko wa nìkan ni kí wọ́n bá wa yọ kúrò, kò tóbi. Bí wọ́n bá ní àwọn ò mọ odò náà, yà á fún wọn, ìwọ ṣáà mọ ibẹ̀ bí ẹni mowó.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí o tó gbéra. Òjò ti ń ṣú, n ò sì mọ̀ bóyá kí n ra ọkọ́ tuntun tàbí kí n dúró de èsì rẹ.

Ọ̀nà á là fún ọ. Ẹnu rẹ á tólẹ̀. Bí o bá sì dé ìpàdé náà, Ọlọ́run á jẹ́ kí àga kan ṣẹ́ kù.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.