Ọba Tó Ń Yínmú Nínú Dígí

Yàrá Kẹrin, Ilé Kọkànlélógún,
Òpópónà Kozhevnaya,
Mọsko.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejì, ọdún 1951.

Rimma, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o. Ìyá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Bàbá Lyova àti àwọn ọmọ ńkọ́? Olú gbígbẹ tí o fi ránṣẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo ti fi se ọbẹ̀. Ara mi le, inú ló ń bí mi.

O rántí ewì àlọ́ tí ìyá àgbà rẹ máa ń kà fún wa bí a bá sùn sórí ààrò ńlá tó ń mú ilé yín móoru, èyí tó ní ọba ọ̀lẹ nínú? Wọ́n ti fi èèyàn ṣe é ní sinimá kí ogun tó dé. Àwòrán yíyà la fi ń ṣe tiwa, èmi ni wọ́n sì gbé ọba fún pé kí n yà. O mọ̀ pé àwa ayàwòrán sinimá kì í ṣiṣẹ́ láìsí dígí lórí tábìlì. Ohun tí ọba bá fẹ́ ṣe, ojú wa la ó kọ́kọ́ fi ṣe é. Mo wú ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo yínmú, mo yà á. Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ọ̀gá Velyaminov, tó ń yẹ sinimá wò kó tó jáde, dé. Kò rẹ́rìn-ín.

"Taisiya, ta lo ń yà yìí?"

"Ojú mi ni, Ọ̀gá."

"Irọ́ lò ń pa. Ta ló rán ẹ pé kó o máa fi àgbà ṣe yẹ̀yẹ́?"

Bó ti sọ ọ́ tán ló wú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì yínmú. Kò sẹ́ni tó fẹ́ so ṣaworo mọ́ ológbò lọ́rùn, ni mo bá ní, "Dígí rèé, ẹ wò ó fúnra yín." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Ọba wà nínú ìwé, ọba wà nínú dígí.

"Ẹ gbé dígí yẹn kúrò níwájú obìnrin yìí." Ó ní kí n tún ojú ọba yà kó tó di ọjọ́ Ẹtì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n kó ẹrù mi.

Ignat tó ń ya ẹṣin lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rọ̀ mí pé, "Yọ ìyínmú yẹn, ká sinmi."

Mo ní, "Ojú mi ni mo yà. Bó bá jọ tiẹ̀, kó lọ bi ẹni tó bí i."

Mo sunkún nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé dígí kékeré tí o fún mi nígbà ìgbéyàwó mi ka orí tábìlì. Mo tún ọba yà lóòótọ́. Ó ń yínmú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀la la ó fi han àwọn ọ̀gá. Kí Ìyá àti gbogbo ilé gba ìkíni mi. Bí wọ́n bá lé mi, ẹ sún fún mi lórí ààrò yín. Bí wọn kò bá lé mi, kó àwọn ọmọ lọ sí sinimá, kí wọ́n lọ wo ojú ọ̀rẹ́ ìyá wọn.

Tìrẹ ni mí, ó rọ̀ ni, ó le ni,
Taisiya.