Bàtà Yìnyín Torbjörn Lábẹ́ Ọ̀dùnkún

                                                            Älvgatan 14,
                                                            Granfors.
                                                            Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kejì, ọdún 1997.

Ẹ̀gbọ́n mi Majvor, ẹni bí ìyá fún mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Báwo ni ìbàdí tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún? Ṣé ẹ ti ń gun àtẹ̀gùn fúnra yín, àbí agídí yín ò tíì jẹ́ kí ẹ lo ọ̀pá tí dókítà ní kẹ́ ẹ máa lò? Ẹ bá mi kí bàbá Lisbet. Mo gbọ́ pé òdòdó ti ń yọ nínú ọgbà rẹ̀ ní Malmö níbẹ̀ yẹn. Ẹ ní kó má fi yọ̀ wá. Níhìn-ín, ìrì dídì ṣì ga dé fèrèsé ilé ìdáná, Evert ọkọ mi sì ń fi ṣọ́bìrì lanà láràárọ̀ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Ara wa le. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi wà níbi tó wà. Dókítà ní iyọ̀ ni, èmi sì mọ̀ pé àwọn ọmọ ni.

Ylva ṣì wà ní Norway, ó ń wa ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò sọdá. Ó pè wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ìjì ń jà. Mo bi í bóyá ó wọ ìbọ̀sẹ̀ onírun. Ó ní, "Màmá, mo ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún." Mo ní ta ló béèrè ọjọ́ orí, ìbọ̀sẹ̀ ni mo béèrè.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Torbjörn ọmọ mi ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Ẹ má fòyà, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kó dọ̀rọ̀ ẹkún.

Ẹ mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ họ́kì orí yìnyín lórí odò tó dì lẹ́yìn ilé wa nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi gbá họ́kì lọ́wọ́ ẹ̀yìn fún ẹgbẹ́ Granfors, pẹ̀lú nọ́ńbà márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀. Góòlù mọ́kànlá péré ló jẹ ní gbogbo àkókò náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Eyín mẹ́ta ló bá a lọ, imú rẹ̀ ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fara dà á. Ìgbà tí orúnkún rẹ̀ yẹ̀ ní ìgbà ìrúwé tó kọjá ni dókítà sọ ọ́ lójú èmi àti Evert pé bó bá tún yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀pá ni yóò máa fi rìn títí ayé.

Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, ọmọ yín kì í sọ̀rọ̀. Á jókòó sórí afárá, á máa wo omi. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ni ẹgbẹ́ ní kó wá ṣe alámòójútó fún àwọn. Ẹ̀gbọ́n mi, mo sunkún. Ẹni tí wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀, kó wá máa fọ aṣọ, kó máa pọ́n irin abẹ́ bàtà yìnyín fún ẹlòmíràn, kó máa ka igi họ́kì sínú bọ́ọ̀sì! Mo mọ̀ nínú ara mi pé lọ́jọ́ kan yóò bẹ́ sórí yìnyín padà. Báàgì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tó ti wà nílé ìwòsàn. Kí ni mo ṣe? Mo yọ bàtà yìnyín rẹ̀, mo fi àpò dì í, mo sì rì í mọ́ abẹ́ ọ̀dùnkún nínú àjàalẹ̀.

Ó béèrè lẹ́ẹ̀kan. "Màmá, ẹ bá mi rí bàtà mi?" Mo ní, "Bàtà wo?" Evert fi ìwé ìròyìn bo ojú. Kò sì béèrè mọ́.

Ó wá di Sátidé tó kọjá, àwa àti àwọn ará Tallnäs. Ẹni tó bá pàdánù yóò já sí ìpele ìsàlẹ̀. Gbọ̀ngàn eré kún bámúbámú. Ẹ̀yìn bẹ́ńṣì àwọn ọmọ wa gan-an ni mo máa ń jókòó sí, níbi tí mo ti lè gbọ́ gbogbo èébú wọn. Torbjörn dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn kékeré tí wọ́n ń gbà bọ́ sórí yìnyín, ó ń ṣí i, ó ń tì í. Alámòójútó ló ni iṣẹ́ yẹn náà.

Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí réfírì fi fọn fèrè. Wọ́n ní orúkọ Ulrik ò sí nínú ìwé. Ulrik ni ẹni tuntun tí ẹgbẹ́ gbà wá láti rọ́pò ọmọ mi, òun náà ló wá ń wọ nọ́ńbà márùn-ún. Alámòójútó ló sì ń kọ orúkọ sílẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ ohun tí ọmọ yín kọ síwájú nọ́ńbà márùn-ún? Torbjörn Hedlund! Ọdún mẹ́rìnlá ni orúkọ yẹn ti wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò mọ òmíràn. Sixten, kóòṣì wọn, fọwọ́ sí i láì kà á. Bí eré bá sì ti bẹ̀rẹ̀, wọn kì í kọ orúkọ kún un mọ́.

Bí Ulrik ṣe gòkè wá jókòó tì mí nìyẹn, gbogbo ara rẹ̀ ń gbóná.

"Màmá, ọmọ yín ti pa orúkọ mi rẹ́ láyé."

"Gbà, jẹ búrẹ́dì," ni mo wí. Mẹ́rin ló jẹ nínú búrẹ́dì dídùn tí mo gbé wá.

Àwọn ará Tallnäs ń pariwo lódìkejì pé, "Granfors, ẹ lọ kọ́ ìwé kíkọ!"

Nígbà tó di apá kẹta eré, èyí tó kẹ́yìn, èjìká ẹlòmíràn nínú àwọn ọwọ́ ẹ̀yìn wa yẹ̀. Ó ku mẹ́rin nínú mẹ́fà. Góòlù méjì sí méjì. Sixten bá yíjú padà sí Torbjörn, tí gbogbo ẹgbẹ́ ń pè ní Tobbe.

"Tobbe, orúkọ ẹ ló wà nínú ìwé, ìwé àṣẹ tí o fi ń gbá họ́kì ò sì tíì kú. Lọ wọṣọ."

Ẹ̀gbọ́n mi, àyà mi já. Àwọn èèyàn ti gbọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lórin: "Tobbe! Tobbe!" Mo rí ojú rẹ̀. Ojú ọmọ ọdún márùn-ún lórí odò yẹn ni. N ò mọ ìgbà tí mo dìde.

"Torbjörn Hedlund! O ò gbọdọ̀ dán an wò!"

Evert ń fa ẹ̀wù mi. Sixten ní, "Màmá Tobbe, ẹ dákun, ta ni kóòṣì níbí?"

"Ta ló máa tì í lórí kẹ̀kẹ́ nígbà tó bá rọ?" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, n ò sì rẹ́rìn-ín.

Torbjörn wo yìnyín, ó di ilẹ̀kùn kékeré náà mú. Ó wá ní, "Kóòṣì, n ò ní bàtà."

"Ìyẹn ò le. A ó yá ọ ní tẹnìkan."

"Bàtà kan ṣoṣo ni ẹsẹ̀ mi mọ̀, ó sì wà lábẹ́ ọ̀dùnkún màmá mi láti oṣù Kẹwàá. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ni iṣẹ́ tèmi."

Gbogbo bẹ́ńṣì yíjú wò mí. Ulrik gbàgbé búrẹ́dì sẹ́nu. Ojú tì mí, mo jókòó.

Àmọ́ kò kàn ṣí ilẹ̀kùn lásán o. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó jáde, á rọra bá a sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ọ tó ń wí fún ọ̀kan pé, "Nọ́ńbà mọ́kànlá wọn yẹn, apá òsì ló máa ń yà sí. Má lé e. Dúró dè é." Bẹ́ẹ̀ náà ló rí! Ọmọ yẹn dúró, ó gba rọ́bà dúdú tí wọ́n ń gbá bíi bọ́ọ̀lù lẹ́nu igi ẹni yẹn, ó fi ránṣẹ́ síwájú, ó di góòlù. Mẹ́ta sí méjì, bẹ́ẹ̀ ló parí, a ò sì já sí ìsàlẹ̀. Mo dì mọ́ Ulrik.

Lẹ́yìn eré, mo bi Torbjörn bó ṣe mọ̀ nípa bàtà náà.

"Ta ló ń bá yín kó ọ̀dùnkún jáde ní gbogbo Sátidé, Màmá? Mo tilẹ̀ ti fi ọ̀rá pa á kó má dípẹtà."

"Kí ló dé tí o ò mú un lọ?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀dùnkún nìkan ni mo gbé jáde."

Mo bá a we ìborùn rẹ̀ dáadáa.

Ẹ mọ àṣà wọn: ẹni tó bá ṣe àṣìṣe gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àkàrà òyìnbó ọlọ́ràá wàrà fún gbogbo ẹgbẹ́. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni Torbjörn pè mí lórí fóònù. "Màmá, wàrà yìí ò ki." "Màmá, ó ti wá ki jù." Ulrik ló ní kí wọ́n fún òun ní ègé tó tóbi jù, wọ́n sì fún un. Sixten ló gbé kọfí wá, nítorí ọwọ́ tó fi síwèé láì kà á.

Ẹ bá mi kí Lisbet àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ìbọ̀sẹ̀ tí mo ń hun fún un ti ku ẹyọ kan. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ lo ọ̀pá yẹn.

Láàárọ̀ yìí, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àjàalẹ̀, mo gbé bàtà náà jáde. Evert ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó ti pẹ́ tí òun ti ń jẹ ọ̀dùnkún olóòórùn awọ. Mo ti gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹ̀wù òtútù, níbi tí Torbjörn yóò ti máa rí i bó bá ń wọlé. Mo ti kọjá níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti àárọ̀, àyà mi ò sì já.

Àbúrò yín tí kò gbàgbé yín rí,
Ragnhild