Ọjọ́ tí Katapílà Bàbá Àgbà Bu Àǹkù Royce Jẹ

Àfonífojì Laurel,
Kentucky.
Ìparí oṣù Kẹrin.

Bọ̀dá mi ọ̀wọ́n, Delmer,

Mo kí yín láti orí òkè dé inú ọkọ̀ ojú omi. Ṣé ara yín le? Ṣé òkun ò máa fi yín gbá bọ́ọ̀lù? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà, kó sì jẹ́ pé ẹ ti jẹun tán kẹ́ ẹ tó ṣí i, torí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ara tèmi le bí irin. Ara Màmá Àgbà le, ẹnu wọn ló tún le jù. Bàbá Àgbà ń bẹ, wọ́n fi aṣọ gbé ọwọ́ ọ̀tún kọ́rùn. Àǹkù Royce náà ń bẹ láàyè, ìyẹn sì ni ìròyìn tó wà lẹ́nu mi, torí díẹ̀ ló kù kó máà sí mọ́.

Òjò kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ká ní Nóà wà ládùúgbò wa ni, ì bá ti máa yá òòlù kiri. Ó rọ̀, ó rọ̀, títí òkè fi ya lulẹ̀ tòun tigi tòun tòkúta, ó wá jókòó sójú ọ̀nà wa níbi tóóró tí odò ti sún mọ́ òkè, bí àlejò tí ò fẹ́ lọ. Ará àfonífojì ò lè jáde, ará ìlú ò lè wọlé. Ẹni tó bá gbẹ́sẹ̀ lé ẹrẹ̀ náà, á rì dé ìbàdí. Ìjọba ní àwọn ń bọ̀ tó bá yá. Ẹ mọ "tó bá yá" ti ìjọba: ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ yẹn á ti hu irùngbọ̀n. Bàbá Àgbà bá nu ọwọ́ wọn, wọ́n ní, "Mo máa jí i dìde."

Ẹ mọ ẹni tí wọ́n ń sọ. Katapílà àtijọ́ inú ìsọ̀ ẹ̀yìnkùlé ni, èyí tó yí lu Lonnie bàbá wa pa lórí òkè nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Láti ọjọ́ náà, Bàbá Àgbà ò yé tú u, wọn ò yé tò ó. Wọ́n fi epo fọ gbogbo egungun rẹ̀, wọ́n jó ibi tó ya pọ̀, wọ́n pààrọ̀ ibi tó dógùn-ún, ṣùgbọ́n wọn ò ṣáná sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Màmá Àgbà búra pé ọmọ Lonnie kankan ò ní jókòó sórí rẹ̀ lójú ayé àwọn. Ní ti Àǹkù Royce, ẹ mọ̀ pé tó bá ti mutí, ìsọ̀ yẹn ló ń bọ̀ wá jà. Àwọn ọkùnrin mìíràn ń bá èèyàn jà, òun ń bá irin jà. Ó ti yìnbọn fún un rí. Ihò ọta ṣì wà lẹ́yìn àga rẹ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé, ẹ́ńjìnnì náà wúkọ́, ó sín, ó pọ èéfín dúdú tó lè sọ ọ̀sán di òru, ó wá bú ramúramù. Inú mi dùn débi pé mo ń jó nínú ẹrẹ̀. Àfi bí Àǹkù Royce ṣe já wọlé, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyinná.

"Bàbá, ẹ pa á! Mo ní kẹ́ ẹ pa nǹkan yẹn! Ẹ̀ ń fún apààyàn lóúnjẹ!"

"Irin ni, Royce. Irin ò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni."

"Èmi mọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi!"

Ó gbé òòlù ńlá, ó fẹ́ là á mọ́ ọ̀pá ìdarí. Bàbá Àgbà fọwọ́ gbà á. Bọ̀dá mi, mo gbọ́ ìró egungun yẹn lórí ariwo ẹ́ńjìnnì, bí ìgbà téèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. Bàbá Àgbà ò tiẹ̀ ké. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi gbé sípánà tó gùn tó apá mi, wọ́n fi fún un lẹ́nu. Eyín méjì fò jáde, ọ̀kan bọ́ sínú ife kọfí mi, mi ò sì tíì mu ún dé ìdajì. Baba di ọmọ lọ́fun mú, ọmọ di baba nírun mú, àgbá ń dojú dé, wọ́n ń yí nínú ọ́ìlì dúdú títí mi ò fi mọ èwo ni baba èwo lọmọ. Màmá Àgbà ló là wọ́n. Wọ́n jáde pẹ̀lú ìbọn, wọ́n yìn ín sí òrùlé, ibẹ̀ ṣì ń jò títí di òní. Wọ́n ní, "Ọ̀kan nínú yín, èmi ni mo bí i. Ìkejì, èmi ni mo fẹ́ ẹ. Ẹni tó bá tún gbọ́wọ́ sókè, èmi náà ni n ó sin ín."

Ọjọ́ kejì ni ìwẹ-ẹsẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì òkè odò tó wà lápá ọ̀dọ̀ wa, wọn kì í sì í tètè tú ká lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Inú ń run mí, ìyẹn ni pé mi ò fẹ́ fọ ẹsẹ̀ Ìyá Verna. Bàbá Àgbà fi igi di ọwọ́ wọn, wọ́n ní tílẹ̀ ọjọ́ Ajé bá mọ́, katapílà á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí wọn ò bá tiẹ̀ ní ọwọ́ rárá. Èmi nìkan ló kù nílé nígbà tí Àǹkù Royce dé, tó gbé àgbá gáàsì rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, tó tan iná tí wọ́n fi ń gé irin.

Mo ní, "Àǹkù, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń kun ẹran."

Ó gé àga, ó gé òrùlé orí rẹ̀. Mi ò bá a wí, ẹnu mi ò tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà tó tẹ orí ba síbi férémù ẹsẹ̀ irin tí katapílà fi ń rìn, mo sáré sún mọ́ ọn. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó wà níbẹ̀. Bàbá Àgbà ti fa etí wa méjèèjì lórí rẹ̀: sípíríǹgì tó nípọn tó itan àgbàlagbà ni wọ́n fún pọ̀ sínú irin yẹn, bóòtù kan ṣoṣo ló dì í mú. Ẹni tó bá fi iná kan bóòtù náà, ó ti tú ẹranko béárì sílẹ̀ nínú yàrá.

"Àǹkù, ẹ dúró! Sípíríǹgì ń bẹ ńbẹ̀! Ó máa pa yín!"

Kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Tressie, ṣebí ìwọ lo sọ fún mi lọ́dún tó kọjá pé ọlọ́pàá ń wá mi, tí mo lọ sùn nínú igbó tí kòkòrò jẹ mí bí àgbàdo?"

"Eré nìyẹn, Àǹkù! Eléyìí òótọ́ ni, mo fi Bíbélì búra!"

"Bíbélì wo? Èyí tó o fi ń di ilẹ̀kùn ilé adìyẹ?"

Mo da garawa omi lé e lórí. Ó dìde, ó gbé mi lọ́rùn aṣọ bí ọmọ ológbò, ó jù mí síta. Mo ṣubú sẹ́yìn àgbá ọ́ìlì. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí n wà láyé kọ lẹ́tà yìí.

Bọ̀dá mi, ẹ ti gbọ́ ìbọn ọkọ̀ ogun, ẹ má sọ fún mi pé ẹ ti gbọ́ ariwo. Iná kan bóòtù, ìsọ̀ náà fò sókè, ó tún padà jókòó. Sípíríǹgì gba inú páànù ògiri jáde, ó fọ́ gíláàsì ọkọ̀ Àǹkù Royce fúnra rẹ̀, ó wọ inú odò, mo sì mọ̀ dájú pé àwọn ẹja ibẹ̀ ti kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Nínú ìrìn-àjò rẹ̀, ó gba ẹsẹ̀ òsì Àǹkù kọjá nísàlẹ̀ orúnkún. Ẹsẹ̀ náà ò já tán, àmọ́ ibi tí ẹsẹ̀ kì í kọjú sí ló kọjú sí. Ẹ̀jẹ̀ ń tú bí ìgbà tí páìpù bẹ́. Mo bọ́ bẹ́líìtì mi, mo fún itan rẹ̀ pa títí ọwọ́ mi fi bó. Ó ń wò mí. Mi ò sọ pé "ṣebí mo sọ." Ẹ gbà mí gbọ́, ó wù mí sọ.

Mo sáré dé ṣọ́ọ̀ṣì débi pé òjìji mi ní kí n máa lọ ná. Ẹsẹ̀ wọn wà nínú omi nígbà tí mo já wọlé. Bàbá Àgbà sáré bọ̀ láìwọ bàtà, àwọn ọkùnrin mẹ́rin tẹ̀ lé wọn. Lórí fóònù, wọ́n ní ẹlikópítà ò lè fò nínú kùrukùru, wọ́n ní áńbúláǹsì máa dúró lódìkejì ẹrẹ̀, àti pé bí ilẹ̀ bá fi ṣú bá a níbẹ̀, àfàìmọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó lè la ọ̀nà yẹn ni nǹkan tí Àǹkù Royce ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ẹsẹ̀ rẹ̀ tán.

Àǹkù náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lórí ilẹ̀kùn tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, ó ní, "Mi ò fẹ́ kó la ọ̀nà fún mi. Ẹ jẹ́ n kú."

Bàbá Àgbà ní, "Kọ́kọ́ dé ọsibítù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kú dáadáa."

Màmá Àgbà jókòó tì í, wọ́n ń bú u kó má baà sùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó jí páì lọ́mọ ọdún mẹ́ta, wọn ò sì fo ọdún kankan.

Láìsí sípíríǹgì, kò sí ohun tó ń ti táyà irin iwájú. Bó bá ṣẹ́rí lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ irin á bọ́. Bàbá Àgbà wo àlàfo náà, wọ́n wo ojú irin rélùwéè àtijọ́ tí àwọn awa-èédú fi sílẹ̀ lẹ́yìn ìsọ̀. "Ẹ gé ìyẹn wá." Iná gáàsì Àǹkù Royce náà ni wọ́n fi gé e. Wọ́n fi òòlù gbá a sínú àlàfo, wọ́n fi igi líle há a, wọ́n fi ṣéènì dè é. Bàbá Àgbà ní, "Kò ní rọ̀ mọ́. Gbogbo òkúta tó bá tẹ̀, inú eyín ẹni tó wà lórí rẹ̀ ni yóò ti dún."

Ta ló máa wà lórí rẹ̀? Ọwọ́ méjì ni ọ̀pá ìdarí ń fẹ́, ọ̀kan ni Bàbá Àgbà ní. Wọ́n wo àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì. Arákùnrin Clell wo ilẹ̀, ó dá Bàbá Àgbà lóhùn pé, "Mo níyàwó, Hobert." Òmíràn ní ẹ̀yìn ń dun òun. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gun nǹkan tó pa Lonnie.

Mo ní, "Èmi mọ̀ ọ́n wà." Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń jókòó sórí rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, tí mò ń fa ọ̀pá, tí mò ń fẹnu ṣe ìró ẹ́ńjìnnì. Gbogbo ojú yí sí Màmá Àgbà. Wọ́n wo ọmọ wọn tó ń funfun bí ìyẹ̀fun nílẹ̀. Wọ́n wò mí, ó pẹ́. Wọ́n ní, "Gùn ún."

A lọ. Mo jókòó sórí páálí kan torí Àǹkù ti gé àga. Bàbá Àgbà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Màmá Àgbà wa píkọọ̀pù tẹ̀ lé wa pẹ̀lú aláìsàn lẹ́yìn. Mo sọ ọkọ́ irin iwájú kalẹ̀, mo kọlu òkè yẹn bí ẹni tó jẹ mí ní ìyà. Igi ń ké, òkúta ń fò bọ́ sódò, ẹrẹ̀ ń ta sí mi lẹ́nu. Mo fẹ́ràn rẹ̀, kí n má purọ́. Àárín rẹ̀ la dé tí ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ irin òsì já wọ odò. Katapílà fì. Mo rí omi nísàlẹ̀ apá mi. Gbogbo ara mi ní "fò!" Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè nígbà tí ọwọ́ òsì Bàbá Àgbà dì mí lọ́rùn mú, tó rì mí mọ́ páálí.

"Jókòó! Bàbá rẹ fò! Ká ní ó jókòó ni, ì bá wà láàyè! Tẹ̀ ẹ́ síwájú!"

Wọn ò sọ ọ́ rí, Bọ̀dá mi. Láti ọjọ́ tí bàbá wa ti kú, wọn ò sọ ọ́ rí. Mo jókòó. Mo tẹ̀ ẹ́ síwájú, mò ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n dì mú. Irin rélùwéè yẹn dún, igi líle fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹsẹ̀ irin ọ̀tún di ilẹ̀ mú, ó fa wa gòkè. Lẹ́yìn ìyẹn, mo rí iná pupa áńbúláǹsì láàárín àwọn ẹ̀ka igi.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún, ṣùgbọ́n Àǹkù Royce yè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló padà wálé lórí ọ̀pá méjì. Kò yà sílé, ìsọ̀ ló kọrí sí. Bàbá Àgbà mú sípánà dání, bóyá ìjà tún ń bọ̀. Àǹkù dúró síwájú katapílà, ó ní, "Tressie sọ fún mi ohun tẹ́ ẹ sọ fún un lórí odò." Àǹkù ní, "Èmi ni mo pariwo fún Lonnie pé kó fò. Mo dúró nísàlẹ̀, mo rí i tó ń fì, mo ní, 'Fò!' Ó gbọ́ tèmi."

Bàbá Àgbà gbé sípánà kalẹ̀. Wọ́n ní, "Royce, ká ní èmi ni mo dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ohun tí èmi náà máa pariwo nìyẹn." Wọ́n fa àpótí kan sí i, àwọn méjèèjì jókòó. Àǹkù ní, "Mo ṣì kórìíra rẹ̀ o." Bàbá Àgbà ní, "Mo mọ̀." Àǹkù ní, "Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi sípíríǹgì tuntun sí i, ẹ jẹ́ kí n ti kúrò nílé."

Ẹ̀gbọ́n mi, mo rò pé ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Kí Ọlọ́run tó dá mi jókòó dá ẹ̀yin náà dúró lórí omi. Kí ìgbì máa gbé yín bí ọmọ, kó má gbé yín bí ẹrù. Ibi tí ọ̀nà bá dí fún yín, kẹ́ ẹ rí ẹni tó máa là á. Màmá Àgbà ní ilé ń retí yín.

Èmi ni àbúrò yín kan ṣoṣo, tó ń wa katapílà,
Tressie.

Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan ṣì kù: Àǹkù Royce ní kẹ́ ẹ bá òun wá bàtà àwọn ológun omi tó le dáadáa. Ti ọ̀tún nìkan ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Ó ní kẹ́ ẹ fún ẹja ní ìkejì.